Péálì Ẹ̀yìn Ọrùn: Ọdún Karùn-ún Ìyá Wa

Màmá, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí ẹ dìde lórí àga yín, tí ẹ kò padà jókòó síbẹ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún! Àga náà ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé. Tìmùtìmù tí ẹ fi aṣọ búlúù rán ṣì wà lórí rẹ̀. Títí di oṣù tó kọjá, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jókòó níbẹ̀, àfi ológbò ilé kejì tó ń gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni pé òun lẹ pín in fún.

Èmi àbíkẹ́yìn ni wọ́n ní kí n kọ ìrántí tọdún yìí. Ní ọdún mẹ́rin tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló ń kọ ọ́, ẹ sì mọ ìwà rẹ̀: ìlà mẹ́ta péré, ó ti tán, bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ pé ara òun kò yá. Tèmi máa gùn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà sì kàn yín. Ó kan ojú yín, ó kan iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọkọ yín ló dá a sílẹ̀, Bàbá fúnra wọn ló sì ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ẹyọ kan bò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn létí. Ọmọ-ọmọ yín tó wà nínú oyún nígbà tí ẹ lọ ti ń kàwé báyìí. Eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo bíi tiyín, àlàfo yẹn ló sì ń gbà súfèé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé tí ẹ fi ọdún méje bẹ Bàbá pé kí wọ́n parí, ó ti parí! Ó ní ibi ìdìmú lọ́tùn-ún, ó ní lósì. Ṣọ́ọ̀bù péálì yín kò tì. Àkọ́bí yín obìnrin ló wà níbẹ̀, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní Ojú Àwòdì, nítorí pé láti kékeré ló ti ń rí ìdọ̀tí lára ohun tí gbogbo ayé ti fọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ara kò balẹ̀ nílé wa, Màmá. Ọdún márùn-ún ni ara kò fi balẹ̀.

Ti Bàbá ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ kẹta tí ẹ lọ ni ìdí wọn kò ti gbé àga mọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde. Wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á jáde bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá mú. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì tún di káfíńtà òwúrọ̀, káfíńtà ọ̀sán, káfíńtà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tún gbogbo àga ilé ṣe. Wọ́n lọ gba àga àwọn ará ilé kejì, wọ́n tún ìyẹn náà ṣe, títí kan èyí tí kò bàjẹ́. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ń ha ilẹ̀ díẹ̀, ni Bàbá bá tú u, wọ́n fá ìdí rẹ̀, wọ́n fá a, wọ́n tún fá a. Ní báyìí tí a bá tì í, ológbò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ orí ba. A fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á tún dìde.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò fọwọ́ kàn nínú gbogbo ilé: tábìlì iṣẹ́ yín. Kódà wọn kì í wọ yàrá iṣẹ́ náà. Bí nǹkan bá gbé wọn débẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n àwa kò ronú débẹ̀. A ní ìbànújẹ́ ni.

Ẹ ò ní gbàgbé tábìlì yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọdún méjì gbáko lẹ fi ń sọ ọ́: "Bàbá Àwọn Ọmọ, tábìlì mi ń jó o." Wọ́n á ní, "Ó dọ̀la." Ọ̀la kò dé. Ẹ ká páálí, ẹ fi há abẹ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ ń bá iṣẹ́ yín lọ. Bí oníbàárà bá wò ó, ẹ ó ní káfíńtà tó mọṣẹ́ jù ládùúgbò ni ọkọ yín, ohun tó fà á nìyẹn tí tábìlì yín fi ń jó. Bàbá á gbọ́ láti pálọ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Orí tábìlì yìí ni Tíṣà Àgbà gbé ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú yín. Tíṣà Àgbà yẹn náà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kí ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ nínú ìwé. Péálì mọ́kànléláàádọ́ta, péálì omi-òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀wà ńlá kan lọ. Òwú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ti ń bá a tún òwú náà pààrọ̀. Ẹ tú u, ẹ to péálì náà sórí pákó ìtò yín, pákó tí Bàbá fúnra wọn gbẹ́ fún yín nígbà tí wọ́n ń fẹ́ yín sọ́nà, tó ní ipa gígùn mẹ́rin tí ẹ fi aṣọ aláwọ̀ eérú tẹ́ nínú. Ẹ jókòó tì í lójú fèrèsé ní òwúrọ̀ mẹ́ta. Ẹ ní ó tò tán. Ẹ ní ọjọ́ Ajé lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí ta kókó òwú sáàárín wọn.

Ọjọ́ Ajé dé. Ẹ̀yin kò sí.

Ta ló fẹ́ gbàgbé àlàyé yín lórí péálì? Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ ṣọ́ọ̀bù tó ní, "Ṣé gidi nìyí, àbí èyí tí wọ́n ń ṣe?", ó ti kó sí i nìyẹn. Ẹ ó fà á lọ́wọ́, ẹ ó fi í jókòó. Ẹ ó ní kò sẹ́ni tó lè ṣe péálì àfi ẹran inú ìkarahun. Ènìyàn kàn ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Ẹ ó sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ etí òkun ṣe ń gé ìkarahun odò tó nípọn, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi rí róbótó. Wọ́n á wá ṣí ẹnu ìkarahun òkun díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò tí kò dá a lójú. Wọ́n á fi kóró róbótó náà sínú ẹran rẹ̀, pẹ̀lú ègé awọ tín-ín-rín tí wọ́n gé lára ẹran ìkarahun mìíràn, wọ́n á dá a padà sínú òkun. Ara kò ní rọ ẹran náà mọ́. Ohun àjèjì wà lára rẹ̀, kò rí i yọ, kò rí i gbé mì, ló bá ń fi ohun dídán bò ó, ìpele lórí ìpele, ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì. Òmíràn á kú. Òmíràn á bì í jáde. Nínú èyí tó yè, díẹ̀ ni tiwọn ń dára. Ìgbà náà lẹ ó tó béèrè ìbéèrè yín tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ sórí: "Ẹni tó gbin àgbàdo, ṣé àgbàdo rẹ̀ kì í ṣe gidi?"

Kò tíì tán. Ẹ ó mú ọ̀kan, ẹ ó ní kó fi ha eyín iwájú rẹ̀. Bó bá ń ha bí yanrìn kíkúnná, òtítọ́ ni. Bó bá ń yọ̀, ayédèrú ni. Ẹ ó ní péálì là ń wọ̀ kẹ́yìn, òun là sì ń kọ́kọ́ bọ́, torí pé lọ́fínńdà àti òógùn ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ ó fi kókó òwú tó wà láàárín wọn hàn án, pé nítorí rẹ̀ ni wọn kì í fi ha ara wọn, àti pé bí òwú bá já, ẹyọ kan ló máa bọ́, kì í ṣe gbogbo ilé. Oníbàárà tó wá ra yẹtí lásán á lo wákàtí kan. A máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i! A ò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta rèé, bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi.

Àlejò kún ilé. Gbogbo wọn ń sọ fún Bàbá pé kí wọ́n jókòó. Bàbá kò lè jókòó. Wọ́n rìn títí, ẹsẹ̀ gbé wọn dé yàrá iṣẹ́ yín, wọ́n sì rí páálí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Màmá, wọ́n ní ojú tì wọ́n débi pé etí wọn gbóná. Ọdún méjì! Iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Wọ́n jáde lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gé ègé igi kan, wọ́n fi pépà yanrìn ha á kó lè dán. Wọ́n padà wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi èjìká ti abẹ́ tábìlì, wọ́n gbé e.

Wọn kò kọ́kọ́ gbé pákó kúrò lórí rẹ̀. Káfíńtà ogójì ọdún! Ẹni tó ń fi igbe lé ọmọ iṣẹ́ pé a kì í gbé tábìlì láìkó ẹrù orí rẹ̀!

Péálì tú ká ilẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tí agogo lù fún. Bàbá rá lábẹ́ àga, wọ́n rá lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ìgbálẹ̀ wá ẹyọ tó kẹ́yìn jáde. Wọ́n kà á, mọ́kànléláàádọ́ta pé. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n wá bọ́wọ́ sápò, wọ́n mú kálípà tí wọ́n fi ń wọn igi. Màmá, wọ́n wọn péálì yín bí ẹni wọn pákó ìbòjú àjà! Ọ̀kọ̀ọ̀kan! Wọ́n to kékeré sí ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n to ńlá sáàárín, wọ́n sì fi ẹyọ tó tóbi jù sí àárín gbùngbùn. Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó gún régé. Bàbá rò pé ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ yín. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi jókòó ti fèrèsé níṣojú wọn, wọn kò mọ̀ pé àwọ̀ lẹ ń wò.

Wọ́n ti ègé igi bọ àpò. Wọn kò dán tábìlì náà wò mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ojú Àwòdì wọ yàrá náà láti wo iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ pákó yẹn. Péálì tó ní pupa díẹ̀ nínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, ìyẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jọ wàrà, bí ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Èyí tó burú jù ni ti àárín gbùngbùn. Péálì kan wà nínú ẹ̀gbà yẹn tó ní àpá kékeré lára, bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Ojú Àwòdì ti bá yín ta kókó ẹ̀gbà náà lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́, lẹ máa ń fi ẹyọ yẹn sí, níbi tí irun ń bò ó. Òun ló wá jókòó sí iwájú ọ̀fun yìí, bí ọba.

Ó ní, "Ojú Màmá ti lọ. Ojú wọn ti lọ, wọn ò sọ fún wa."

Ó wá rántí pé ní oṣù tó kẹ́yìn, ẹ ní kó bá yín fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà méjì. Ó gbá àyà. Ó ní, "Èmi tí mo jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́! Èmi tí wọ́n ń pè ní Ojú Àwòdì!" Ó fi aṣọ funfun bo pákó náà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí ẹ ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni ọmọ ń sun, wọ́n ní kó sun ún tán. Lọ́jọ́ kejì, ó ti sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti sọ ọ́ fún àbúrò yín. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá ì bá fi ẹnu kan sọ ti wá di ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ yọ lẹ́nu gbogbo ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ẹnu mọ́, tí wọ́n ń fá ilẹ̀kùn.

Ojú Àwòdì náà kò gbádùn ara rẹ̀. Kó ta kókó ogún, kó tú u, kó tún un ta. Kó to péálì lónìí, kó dìde lọ́la kó tú u ká kó tún un tò. Ó kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, títí kan ọmọ tó ń súfèé. Bí oníbàárà bá béèrè bóyá gidi ni péálì, "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ń sọ. Kì í sọ ìtàn yín. Ó ní ẹni tó jókòó ti ìyá rẹ̀ tí kò rí i pé ojú rẹ̀ ń fọ́, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ aráyé nípa wíwò?

Tíṣà Àgbà kò yọ wá lẹ́nu fún ọdún márùn-ún. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀yin lẹ máa ń tò ó, bí ẹ kò bá sí mọ́, ọmọ yín ló máa tò ó, òun á dúró. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ó wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé lókè òkun ti ránṣẹ́ pè é, ó ń kó lọ. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lòun máa wá gba ẹ̀gbà òun, òun ò sì ní padà wá mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń mu tíì, Ojú Àwòdì sọ ohun tó pinnu. Kò ní tún un tò. Bó ṣe wà lórí pákó ni yóò ṣe ta kókó rẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe àti gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ìkẹyìn yín ni, ta ni òun tí òun máa fi ọwọ́ pa á rẹ́? Yóò kàn sọ òtítọ́ fún Tíṣà Àgbà pé ojú yín ti fọ́ nígbà tí ẹ tò ó, kó forí jì yín.

Tíì pá Bàbá lórí. Màmá, mo rí wọn, mo rò pé tíì ló gbóná. Wọ́n dìde, wọ́n jáde, wọ́n rin yíká ilé, wọ́n wọlé, wọ́n tún jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó ń lù wọ́n lọ́kàn ni pé orúkọ yín ló fẹ́ lọ sókè òkun yẹn, lọ́rùn obìnrin tó lẹ́nu, orúkọ afọ́jú tó ń fi péálì olójú-àpá síwájú ọ̀fun. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ lè wo péálì igba kí ẹ mú méjì tó jọra bí ìbejì jáde nínú rẹ̀!

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá ti Bàbá ní Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ojú Àwòdì ti ká aṣọ funfun kúrò, ó ti fa òwú gùn, ó ti mú péálì kìíní. Bàbá kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọlé gan-an, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún. Wọ́n bọ́wọ́ sápò, wọ́n gbé ègé igi kékeré kan sórí tábìlì. Ó ti dúdú, ó ti ń dán, nítorí pé inú àpò wọn ló wà láti ọjọ́ yẹn, láti ṣòkòtò dé ṣòkòtò.

Wọ́n ní, "Èmi ni. Kì í ṣe ojú ìyá rẹ. Èmi ni mo gbé tábìlì."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ojú Àwòdì ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: "Bàbá, kí lẹ fi tò wọ́n?" Bàbá fa kálípà yọ. Ni ọmọ yín bá bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, ẹkún di ìbínú. Ó ní, "Ọdún márùn-ún, Bàbá! Ọdún márùn-ún ni mo fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá fún ohun tí wọn ò ṣe!" Ó mú bàtà rẹ̀, ó jáde. Kò wọlé títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó sì wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá kò jẹun. Wọn kò rìn náà. Wọ́n kàn dúró sójú kan nínú pálọ̀, ìyẹn sì bà mí lẹ́rù ju rírìn lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá iṣẹ́: "Bàbá, ẹ wá o. Ẹ wá gbé tábìlì yìí." Bàbá sáré. Ó ní, "Kí la kọ́kọ́ ń ṣe?" Bàbá ní, "A kọ́kọ́ ń kó ẹrù orí rẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n!" Àwọn méjèèjì di pákó mú níwá lẹ́yìn, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bàbá yọ páálí yín. Wọ́n fi ègé igi náà síbẹ̀, wọ́n fi òòlù kan án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Màmá. Mo wo aago.

Òwúrọ̀ méjì ló kù. Ojú Àwòdì jókòó sójú fèrèsé yín, ó lé ológbò, ó jókòó lórí tìmùtìmù búlúù. Ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ìwé tí ẹ kọ ètò yín sí, ojú lásán lẹ fi ń tò ó. Ó ń gbé ẹyọ kan, ó ń yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń gbé e sílẹ̀. Ó to ipa kìíní, ó tú u ká. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé àga, wọ́n ń gbé e kúrò, títí ó fi ní, "Bàbá, ẹ dúró sójú kan, òjìji yín ń bọ́ sórí péálì mi." Bàbá rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kó fi àwọ̀ han àwọn. Ó fi hàn wọ́n: èyí ní pupa nínú, èyí ní ewé, èyí wàrà. Bàbá ní funfun ni gbogbo rẹ̀. Ó tún fi hàn wọ́n. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá ní, "Háà. Èyí pupa díẹ̀." Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi ń sọ fún wọn, Màmá, òwúrọ̀ Ẹtì yẹn ni wọ́n tó rí i.

Ní ọ̀sán Ẹtì, ó tò. Pupa rọra wọ inú wàrà, wàrà rọra padà sí pupa, èèyàn kò lè tọ́ka sí ibi tó ti yí padà. Ẹyọ olójú-àpá ló gbé sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́. Ó ta kókó sáàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tú ẹyọ kan.

Tíṣà Àgbà dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ojú Àwòdì bá a wọ̀ ọ́, ó gbé dígí síwájú rẹ̀. Tíṣà Àgbà kò wo dígí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sẹ́yìn ọrùn, ó fi àtàǹpàkò wá nǹkan kan lábẹ́ irun, ó rí i, ó sì mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ibí gan-an ni. Ibí ni ìyá yín máa ń fi sí. Láti ọgbọ̀n ọdún, bí ọkàn mi kò bá ti balẹ̀, àpá yìí ni mo máa ń fi ìka wá. Ojú obìnrin yẹn mà mú o!"

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wọlé, wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó. Màmá, wọ́n jókòó! Wọ́n jókòó títí Tíṣà Àgbà fi lọ, títí tíì wọn fi tutù.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ ra yẹtí. Ó ní, "Ṣé gidi nìyí, àbí èyí tí wọ́n ń ṣe?" Ojú Àwòdì gbójú sókè wò mí, ó wo Bàbá. Ó fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó fi í jókòó. Wákàtí kan gbáko! Nígbà tó dé ibi àgbàdo, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Màmá, ojú yín kò fọ́. A sọ ọ́ káàkiri nígbà kan, a ti ń lọ láti ilé dé ilé báyìí láti gbà á padà, Bàbá ló sì ń ṣáájú. Ẹ dárí jì wá. A kò tíì gbádùn ara wa tán; Bàbá ṣì ń dìde lójijì, Ojú Àwòdì ṣì ń tún kókó ta, èmi náà ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. A fẹ́ràn yín ju bí a ṣe mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà.

Bàbá ní kí n fi tàwọn parí rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé tábìlì yín kò jó mọ́. Wọ́n ní ọ̀la yẹn ti dé, Ìyá Àwọn Ọmọ, ẹ má bínú pé kò bá yín láyé.